Ìyá Alámìín àti Ìgbìmọ̀ Tuntun

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi bò. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta yín lára, ẹ fara dà á. Adébísí lorúkọ mi, aránṣọ ni mí ní Ìkòsí, Ìyá Kelvin ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ẹnu ni mo fi ń sọ ìtàn yìí, ẹlòmíì ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa tó gbọ́.

Obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Keziah lorúkọ ìrìbọmi rẹ̀, Adéníran lorúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, Loveth sì lọ́mọ kan ṣoṣo tó bí. Ó jù mí lọ dáadáa. Tí mo bá ń pè é ní “ó” nínú ìtàn yìí, kì í ṣe àfojúdi o, mi ò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́ ni. Bẹ́ńṣì kan náà la jọ ń jókòó lé ní iléèwé àwọn àgbà. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Keziah. Ìyá Alámìín là ń pè é. Èmi á máa pè é ní Ìyá Keziah nínú ìtàn yìí, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni o, kì í ṣe ti ọmọ.

Ọmọ Ìṣarà ni, ní Rẹ́mọ. Ọmọdé ló wà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mú un wá sí Èkó, pé òun fẹ́ lọ fi sí iléèwé. Iléèwé tó rí náà ni ìdí àlùbọ́sà ní Mile 12. Ibẹ̀ ló ti gé irun, tó di irun, ibẹ̀ ló ti rí ọkọ, ibẹ̀ náà ni irun orí rẹ̀ ti funfun. Ẹ ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ni. Tí tírélà bá ń já ata, tí àwọn aláàárù ń pariwo pé kí èèyàn yà lọ́nà, tí gbogbo ọjà ń hó yèè, ìyá yìí á kàn dúró níwájú ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á pe ẹni tó fẹ́ pè, ẹni náà á sì gbọ́. Tó bá ṣe Àmín ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ á dúró díẹ̀ kó tó máa bá àdúrà lọ.

Ohun tó gbé e dé iléèwé, ọ̀rọ̀ Loveth ni. Loveth lọ́kọ, Ifákọ̀ lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Nígbà tó lóyún àkọ́kọ́, ara rẹ̀ yí padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ ò sí nílé. Ó pe ìyá rẹ̀ títí, ariwo ọjà ò jẹ́ kí ìyá gbọ́. Ló bá kọ mẹ́sééjì ránṣẹ́. Ìyá rí iná lójú fóònù. Ó rò pé àwọn tó ń polówó ni, ó tì í padà bọ àpò aṣọ rẹ̀, ó ń ta àlùbọ́sà lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló ní kí oníbàárà kan bá òun wò ó. Obìnrin yẹn kà á jáde sáàárín ọjà: “Mummy, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi, ẹ máa bọ̀.”

Nígbà tó fi máa dé Ifákọ̀, oyún ti bà jẹ́. Loveth ò bá a jà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn gan-an ló dun ìyá jù. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló wọ họ́ọ̀lù wa wá, ó dúró níwájú Tíṣà Reuben tó ń kọ́ wa, ó ní, “Tíṣà, n ò wá gba sátífíkéètì o. Ẹ kàn kọ́ mi kí n lè ka ohun tí ọmọ mi bá kọ.” Kò tíì ju ibi lẹ́tà lọ nígbà tí oyún kejì Loveth tún bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ẹgbẹ́ wa ṣe rí, torí ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á máa wò wá bí ọ̀dẹ̀. Ẹgbẹ́ Àgbà-Ń-Kàwé ni. Daddy Ọláìyá ló dá a sílẹ̀, ọmọ Ògùn bíi tiwa, katikíìsì ni bàbá náà tẹ́lẹ̀ nílé kó tó wá di tíṣà l’Ékòó. Nígbà tí ilẹ̀ Ìkòsí ṣì wà ní pọ́ọ́kú, wọ́n ra díẹ̀, wọ́n kọ́ họ́ọ̀lù kan sí i, wọ́n sì fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Àwọn aláta, awakọ̀, aránṣọ, onígbàjámọ̀, àwa la kún ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè buwọ́ lùwé nínú wọn. Tí wọ́n bá sì ní kí èèyàn nawọ́ sókè, oníkálukú á máa wo ojú ẹnì kejì rẹ̀. Daddy Ọláìyá wá ní kò burú, Kristẹni ni gbogbo wa, àdúrà la ó máa fi pinnu. Ohun tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe, alága á fi gbàdúrà níwájú gbogbo wa. Tá a bá fẹ́ ẹ, a ó ṣe Àmín. Tá a ò bá fẹ́ ẹ, a ó dákẹ́. Tí Àmín bá pé mẹ́ta, akọ̀wé á lu agogo, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò sí yíyí padà, torí iwájú Ọlọ́run la ti sọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́. Báyìí la ṣe ra fáànù, báyìí la ṣe gba Tíṣà Reuben síṣẹ́. A sì ti dákẹ́ rí, lọ́jọ́ tí ẹnì kan ní ká máa lé àwọn tó bá pẹ́ẹ́ dé. Nínú wa, ta ni kì í pẹ́ẹ́ dé?

Ìyá Keziah ló máa ń ṣáájú. Ohùn rẹ̀ á jáde, tiwa á tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò yẹn. Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá nìyẹn, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí ìyá yìí bá sín lásán, ẹgbẹ́ lè ra mọ́tò.

Daddy Ọláìyá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà tó kù nínú ìgbìmọ̀ ní ó ti rẹ àwọn, ayé ti yí padà, ẹni tó lówó lọ́wọ́ tó sì mọ èèyàn ló yẹ kó máa darí ẹgbẹ́. Wọ́n bá lọ mú mẹ́ta wá. Ọ̀gá wọn ni George Ṣọládé, ará Ogudu, apá ibi tí wọ́n ti ń ti géètì mọ́ra, ilé ló ń kọ́ tó ń tà. Òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe alága. Ìkejì ni Stephanie, lọ́yà. Ìkẹta, Ẹnjiníà Levi, mi ò gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn títí dòní olónìí.

Kí wọ́n tó fi wọ́n hàn wá rárá ni mo ti ń rí nǹkan. Mo dé họ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá Levi tó ń fi téèpù wọn ògiri. Mo kí i, kò dáhùn. Ó wọn fèrèsé, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó na téèpù kọjá lórí bàtà mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Èmi aránṣọ, mo mọ ohun tí wíwọ̀n jẹ́. Ẹni tó bá ń wọn nǹkan, ó fẹ́ gé e ni. Mo sọ fún àwọn ará kíláàsì, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, bóyá wọ́n fẹ́ bá wa kùn ún. Kò pẹ́, ọ̀dà pupa wà lára géètì wa lóòótọ́. Àmì kan ṣoṣo, irú èyí tí wọ́n ń kùn sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kùn ún síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti nù ún.

Lẹ́yìn náà ni George Ṣọládé bẹ̀rẹ̀ sí í kiri. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan. Olówó Ogudu, ní ṣọ́ọ̀bù mi! Kí n tó gé e tán, ó ti mọ̀ pé Kelvin ọmọ mi ń wa ọkọ̀ tòmátì láti òkè Ọya, pé mi kì í sùn tó bá wà lójú ọ̀nà. Bó ṣe ń béèrè ni mo ń dáhùn. Ìgbà tó lọ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ara mi pé kí ló kàn án.

Ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Keziah náà ní Mile 12. Ó wọ inú ẹrẹ̀ tòun ti bàtà dídán, ó ra àpò àlùbọ́sà, iye tí wọ́n pè é fún un ló san. Ẹ gbà mí o! Ta ni kì í ná ọjà ní Mile 12? Ó jókòó lé orí àpò, ó ń pè é ní Mummy mi, Mummy mi. Ó béèrè ọmọ. Ó béèrè ọkọ ọmọ. Ìyá ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa pé Loveth tún ti lóyún, torí ojú ayé. Ṣùgbọ́n ó sọ fún George. Ó sọ ti oyún méjì tó bà jẹ́, ó sọ ohun tí dókítà wí.

Nígbà tó ròyìn rẹ̀ fún mi, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire oyún o, Ọlọ́run á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ọkùnrin yẹn fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe?”

Ó ní, “Bísí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní òun á máa fi Loveth sínú àdúrà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti ń rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ìfihàn ìgbìmọ̀ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, Tíṣà Reuben parí kíláàsì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Òun náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́, òun ló ń lu agogo. Ọkùnrin tó máa ń pariwo lẹ́tà mọ́ wa lórí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

“Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbọ́. Wọ́n fẹ́ wó ilé yìí. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ti kọ ìwé rẹ̀ tán, pé ẹgbẹ́ ti gbé ilẹ̀ lé ìgbìmọ̀ tuntun lọ́wọ́. Ohun kan ló kù tó máa mú ìwé yẹn dúró, Àmín yín ni. Lọ́la, lẹ́yìn tí wọ́n bá fi wọ́n hàn yín, George á gbàdúrà lórí ilẹ̀ yìí. Tí ẹ bá ṣe Àmín mẹ́ta, ó parí. Tí ẹ bá dákẹ́, kò lè ṣe nǹkan kan.”

Gbogbo wa yíjú sí ẹnì kan. Ìyá Keziah dìde. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà.

“Loveth ti wọ oṣù rẹ̀,” ó ní. “Nǹkan tó bá kọ sí mi báyìí, mo ń fà á kà díẹ̀díẹ̀, ó ń yé mi. Ibí ni mo ti kọ́ ọ. Kí wọ́n wá wó o? Ó tì o! Ẹnu mi yìí, mo ti tì í pa. Ẹni tó bá gbọ́ Àmín lẹ́nu mi lọ́la, kó wá bú mi.”

A pàtẹ́wọ́ fún un. A ní tó bá ti dákẹ́, a ó dákẹ́.

Nígbà tá a dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ti kó bẹ́ńṣì wa síta, àga oníke ni wọ́n tò sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ ńlá kan bo bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé wa, àwòrán George Ṣọládé wà lára rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun báláú. Àwọn ọkùnrin méjì kan tá ò mọ̀ rí dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mínírà tutù pọ̀ ju iye wa lọ. Ojú ọjọ́ ṣú, òjò kọ̀ kò rọ̀, inú họ́ọ̀lù mú ooru gan-an. Stephanie dúró sápá kan, ó gbé fóònù sókè, ó ń ká wa sílẹ̀ látìgbà tá a ti ń wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ dìde, ó dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò wo ojú wa. Bó bá ti pe orúkọ kan, ẹni náà á dìde, á tẹrí ba, a ó pàtẹ́wọ́, torí a ò lè sọ pé a ò mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ìgbà tó kan George, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ìyá Kelvin, Kelvin ti dé láti òkè Ọya? Ìyá Aláta, ẹsẹ̀ ọkọ yín ńkọ́? Mummy Keziah, Loveth ńkọ́? Ó kù díẹ̀, àbí?” Kò wo ìwé kankan. Ó ti há gbogbo wa sórí. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé ọkùnrin yìí mà nífẹ̀ẹ́ èèyàn o.

Ó wá ní ká dìde fún àdúrà.

“Olúwa, ilé àti ilẹ̀ ẹgbẹ́ yìí tá a gbé lé ìgbìmọ̀ tuntun lọ́wọ́ lónìí, kí wọ́n lè tún un kọ́, fi àṣẹ sí i.”

A dákẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a dákẹ́! Fáànù nìkan ló ń dún. Ìyá Keziah di ètè rẹ̀ pọ̀, ó ń wo iwájú gan-an. George tún un wí, ohùn rẹ̀ ga sí i. A dákẹ́. Àgbà ìgbìmọ̀ yẹn ń nu òógùn. Mo rí Tíṣà Reuben nídìí tábìlì, agogo wà níwájú rẹ̀, ó ń fi ojú dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

George ò bínú. Ká ní ó bínú ni, ìbá yá mi lára. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, Stephanie tẹ̀lé e tòun ti fóònù.

“Mo rí i pé ọkàn àwọn ìyá mi ò balẹ̀,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ ọmọ ló wà lọ́kàn wọn. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa.”

Ó dúró níwájú Ìyá Keziah, ó gbé ọwọ́ sókè orí rẹ̀.

“Bí Olúwa ṣe gbé ilé yìí lé ìgbìmọ̀ tuntun lọ́wọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò gbé ọmọ Loveth lé Mummy Keziah lọ́wọ́, láàyè, tọmọ tìyá.”

Mo di ọwọ́ ìyá mú. Ó tutù bí omi inú àmù. Kò ṣe Àmín. George bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo họ́ọ̀lù sì ń gbọ́.

“Mummy, àkọ́kọ́ bà jẹ́. Èkejì bà jẹ́. Ẹ̀kẹta yìí, ṣé ẹ fẹ́ kó bà jẹ́ ni? Loveth ò ní kú lórí ìkúnlẹ̀.”

Ó dúró. Ó ń retí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ dá mi lóhùn. Kí èèyàn gbọ́ “ọmọ rẹ ò ní kú,” kó wá pa ẹnu mọ́? Nílé ta ni wọ́n ti tọ́ ọ?

“Àmín,” ni Ìyá Keziah wí.

Kì í ṣe ohùn tó fi ń pe aláàárù o. Ohùn tín-ín-rín kan ni, ó jáde bí ìgbà tí ẹ̀gún bá gún èèyàn. Ṣùgbọ́n etí wa ti mọ̀ ọ́n. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo họ́ọ̀lù ti tẹ̀ lé e, Àmín kan ti wọlé sórí ilẹ̀ nìyẹn.

George ò jẹ́ ká mí. “Bí àṣẹ ilẹ̀ yìí ṣe wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ láti òní lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Olúwa á wà lára Kelvin, àti gbogbo ọmọ wa tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ ò ní gbé òkú wọn wálé!”

Èmi tí mò ń bínú yìí, èmi tí mo rí téèpù, tí mo rí ọ̀dà, ẹnu èmi náà ló ké Àmín yẹn. Ọkọ̀ Kelvin wà lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kí ni kí n ṣe?

“Ohun tá a dì lónìí, ẹnikẹ́ni ò ní lè tú u. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ní lè tú ìdílé wa ká!”

Àmín ìkẹta yẹn mi fèrèsé. Tíṣà Reuben ò lu agogo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Levi ló rìn lọ síbi tábìlì wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé agogo láìsọ̀rọ̀, ó sì lù ú.

Wọ́n pín mínírà. Àwọn míì mu ún.

Mo bá Ìyá Keziah níta, níbi tí wọ́n kó bẹ́ńṣì wa sí, ó jókòó lórí tiwa. Mo kọjú sí i, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ní ẹ ti ti ẹnu yín pa! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ti tà wá!”

Kò bínú sí mi. Ó ní, “Bísí, ká ní mo dákẹ́, tí Loveth wá kú ńkọ́? Kí ni màá sọ fún ara mi, pé torí họ́ọ̀lù ni?” Ó gbé ojú sókè wò mí. “Nígbà tó dárúkọ Kelvin, ṣé o dákẹ́?”

Mo jókòó tì í.

Tíṣà Reuben ní ká gbé wọn lọ sí kóòtù. A lọ bá lọ́yà kan ní Kẹ́tu. Stephanie ti fi fídíò àti òfin ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí i kí àwa tó dé, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Lọ́yà yẹn tan fídíò náà fún wa. Òfin ẹgbẹ́ wà níwájú rẹ̀, Àmín mẹ́ta wà níbẹ̀, ohùn agogo wà níbẹ̀. Ojú Ìyá Keziah ló kún fóònù, ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ là. Lọ́yà ní, “Mama, ṣé ẹnikẹ́ni fi ipá mú yín?” Ìyá ní rárá o, wọ́n gbàdúrà fún ọmọ òun ni.

Ọ̀sẹ̀ tí katapílà wọ ọgbà wa náà ni Loveth bí. Mo wà ní ṣẹ́ẹ̀dì ìyá ní Mile 12 lọ́jọ́ yẹn, mo wá ra àlùbọ́sà, ká má parọ́, mo wá bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i ni. Fóònù rẹ̀ tàn. Kò fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e jìnnà sójú, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà yọ bí ẹni ń fa omi nínú kànga: “Mum-my, mo ti bí. Ọ-kùn-rin. A-ra wa le.” Ariwo tó pa, àwọn aláàárù ju ẹrù sílẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, a jọ ń sunkún, ọ̀tọ̀ lohun tó ń pa èmi lẹ́kún.

Òun ti kọ́ ohun tó wá kọ́. Àwa tó kù ńkọ́? Tíṣà Reuben kó wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan, ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn fẹ́ lo ibẹ̀. A fọ́n ká. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kọ fúnra mi, orúkọ Kelvin ni, mi ò tíì kọ ọ́ tán nígbà tí wọ́n wó ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi ń bá mi kọ ìtàn yìí.

Ọjọ́ ìkómọ, ilé Ìyá Keziah ní Ìkòsí la pàdé sí, ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sílẹ̀ fún un kó tó kú. Kò sí ariwo, ìwọ̀nba ẹbí àti àwa ará bẹ́ńṣì ni. Pásítọ̀ ti ń ṣí Bíbélì nígbà tí jíìpù dúdú kan dúró síta. George Ṣọládé wọlé, Levi tẹ̀lé e. Ẹnì kankan ò pè wọ́n. Pásítọ̀ rí olówó, ó sún fún un. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, George ti na ọwọ́, Loveth tí kò mọ nǹkan kan sì ti gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ń kúnlẹ̀ kí i pé Daddy, ẹ ṣeun, Mummy sọ fún mi bí ẹ ṣe gbàdúrà.

Ó gbé ọmọ náà dáadáa, bí ẹni tó bímọ rí. Ó wo òkè àjà. Ó wo ògiri.

“Mummy, ilé yìí dára o. Ilẹ̀ rẹ̀ dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni?”

“Ó dé ẹ̀yìn, sà,” ni Loveth dáhùn.

Levi ti jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀. George di ojú, ó gbé ọmọ sókè díẹ̀, gbogbo wa sì tẹrí ba, torí àdúrà ni.

“Bí Olúwa ṣe ṣí ilẹ̀kùn ilé yìí sílẹ̀ fún wa lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí á dàgbà, á dògbó. Kò ní kú ní kékeré.”

Mo la ojú. Mo wo Ìyá Keziah. Ó mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, ó mọ̀ pé ilé rẹ̀ ló kàn. Ó ń wo ọmọ náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì la ẹnu. Àmín rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Tiwa tẹ̀ lé e.